Olùkọ́ Àwọn Awakọ̀ Ni Ó Yẹ Kí Á Kọ́kọ́ Kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Bí a bá fẹ́ fi ọmọ síṣẹ́ télọ̀, a máa ń wo bí ọ̀gá ti ń ránṣọ. Bí a bá fẹ́ fi í síṣẹ́ káfíńtà, a ó jókòó sórí àga tí ọ̀gá náà kàn, a ó mi ìdí sí i bóyá yóò mì. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà, iṣẹ́ tí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè pa èrò méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí í béèrè pé ta ni ó kọ́ ẹni tí ń kọ́ni. Èrò tèmi nìyí, òun ni mo sì fẹ́ gbè lẹ́sẹ̀ nínú àròkọ yìí: bí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò bá fẹ́ dín ikú ojú pópó kù lóòótọ́, kí wọ́n tó kó awakọ̀ jọ fún ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ onífura, àwọn olùkọ́ ìwakọ̀ gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹni tí ń gbé ní Ganmo kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ewu ọkọ̀ fún un. Ìlú wa jókòó sí etí ọ̀nà ńlá tí ó ti Ìlọrin wá, tí ó gba Ìdófìàn kọjá lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní Àjàṣẹ́ ni ọ̀nà ti pínyà: apá kan dorí kọ Ọ̀fà, apá kejì gba ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ sí Òmù-Àrán, títí tí yóò fi wọ Èkìtì. Gbogbo ohun tí ó bá ń lọ láti ìhín sí ọ̀hún ni ó ń gba iwájú ilé wa kọjá: tírélà tí ó ru sìmẹ́ǹtì, bọ́ọ̀sì akérò, ọkọ̀ òkú, ọkọ̀ ìyàwó. Ìlọrin sì ti sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí Ganmo fi dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ sí ìgboro, àwọn onímàrúwá ń yà síbí yà sọ́hùn-ún, àwọn ọlọ́kadà ń gba àárín wọn kọjá bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ. Awakọ̀ tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn rò pé inú igbó ni òun ṣì wà. Ọmọ iléèwé tí ó fẹ́ sọdá rò pé òun ti dé àgbàlá ilé. Ibi tí èrò méjèèjì yìí ti pàdé ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ta sílẹ̀.

Kì í ṣe Ganmo nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé ó tó 1,190,000 ènìyàn tí ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí ẹni ọdún 29, kò sí àìsàn kankan tí ń pa wọ́n tó o. Ní Nàìjíríà tiwa, àkọsílẹ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi hàn pé ó ju 5,000 ènìyàn lọ tí ó kú lójú pópó ní ọdún 2023 nìkan. Àwọn tí a rí kọ sílẹ̀ nìyẹn o. Ẹni tí wọ́n gbé padà sábúlé, tí ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò ka tirẹ̀ mọ́ wọn?

Kí ni à ń pè ní ìwakọ̀ onífura? Àwọn òyìnbó tí ó dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún un ní orúkọ tí ó jọ ti ogun, bí ẹni pé awakọ̀ jẹ́ ìlú tí ọ̀tá yí ká, tí ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ní tèmi, orúkọ tí Yorùbá ìbá fún un ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá kò fura, páńsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Awakọ̀ lásán ń wo ọkọ̀ tirẹ̀. Awakọ̀ onífura ń wo tirẹ̀, ó ń wo ti ẹlòmíràn, ó sì ń wo èyí tí kò tíì yọ lójú. Bí ó bá rí bọ́ọ̀lù tí ó yí já sí títì, kò ní dúró títí yóò fi rí ọmọ kí ó tó fi ẹsẹ̀ lé bírékì, nítorí ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í dá rìn. Bí ewúrẹ́ kan bá sọdá, ó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ méjì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí èrò kan bá nawọ́ sí màrúwá tí ó wà níwájú rẹ̀, ó ti mọ̀ pé onímàrúwá náà yóò dúró lójijì láìṣe àmì kankan, nítorí náà ó ti fi àyè sílẹ̀ kí onítọ̀hún tó ronú kan bírékì. Kò sí idán kankan níbẹ̀, kò sì sí ìgboyà. Ìwà àgbà ni.

Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìwé òfin ojú ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé nínú irú eré yìí, ọkọ̀ kékeré tí bírékì rẹ̀ mú dáadáa, lórí ọ̀nà gbígbẹ, yóò ti rin mítà 15 kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bírékì, yóò sì tún rin mítà 38 kí ó tó dúró pátápátá. Mítà 53 nìyẹn, ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bírékì ń gbà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni í dà. Nínú eré 32 kìlómítà, mítà 6 ni bírékì ń gbà. Nínú eré 64, mítà 24 ni. Mélòó nínú àwọn dẹ́rẹ́bà wa ni ẹnikẹ́ni ti ṣe ìṣirò yìí fún rí? Ẹ tún wá fi ti táyà tí ó ti dán bí orí apárí kún un, kí ẹ fi ti òjò oṣù kẹsàn-án kún un, kí ẹ fi ti tírélà tí ó ru ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ kún un, kí ẹ sì wá ronú sí àwọn awakọ̀ tí ń sún mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn fi lè ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i lẹ́yìn láìwo awò.

Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ ìwakọ̀ onífura fi ń kọ́ ènìyàn láti máa ka àáyá. Mú òpó kan létí títì. Ganmo kò kúkú ṣe aláìní òpó, nítorí ibùdó ńlá tí wọ́n ti ń pín iná mànàmáná wà lọ́dọ̀ wa, bí iná tilẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bí ìwọ náà bá dé ìdí òpó kí o tó parí, o ti sún mọ́ ọn jù. Rọra sún sẹ́yìn. Bí òjò bá ń rọ̀, kà á dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ yìí kò gba owó, kò sì gba kí ènìyàn kàwé mẹ́wàá. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó bá rí ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ́ni.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1952 ni Harold Smith, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ní àṣà márùn-ún: kí wọ́n máa wo ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n máa wo gbogbo àyíká, kí ojú wọn má dúró sójú kan, kí wọ́n máa fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀, kí wọ́n sì rí i dájú pé ẹlòmíràn rí wọn. Ní ọdún 1964, National Safety Council ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ onífura sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà tí ó bá ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù nínú ọ̀ràn yìí. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti sọ ìdánwò ìwakọ̀ di dandan níbẹ̀ fún awakọ̀ tuntun. Síbẹ̀, ó di ọdún 1970, ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, kí òfin tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbowó láti kọ́ni ní ọkọ̀ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó yé àwọn náà pé iyọ̀ tí a kò tọ́ wò ni wọ́n ń dà sọ́bẹ̀! Lónìí, ìdánwò mẹ́ta ni ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún ń ṣe: wọ́n ó dán ìmọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ó dán bí òun fúnra rẹ̀ ti ń wakọ̀ wò, wọ́n ó sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láti wo bí ó ti ń kọ́ ẹlòmíràn. Ìdánwò kẹta yìí ni ó wù mí jù.

Àwa náà kò sùn o. Ní ọdún 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tí ó fi gbogbo ara ṣe é. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Àjọ yìí ti ṣe gudugudu méje. Ó ti wá fi òfin lélẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ òun, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá láti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé, òfin náà dára. Lójú títì, gbogbo wa ni a mọ ẹnì kan tí ó ní láísẹ́ǹsì tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ̀ dán an wò rí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa bí àwọn awakọ̀ wa ti ń kọ́ṣẹ́. Láyé àtijọ́, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe. Ó lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí yóò máa pe èrò, tí yóò máa fi igi há ìdí táyà, tí yóò máa fọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá rẹ ọ̀gá, yóò ní, “Ó yá, gbé e wọ gárájì.” Báyìí ni ọmọ náà yóò ṣe máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. N kò fojú kéré ẹ̀kọ́ yìí rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà awakọ̀ tí ó jáde níbẹ̀ mọ ohùn ẹ́ńjìnnì bí ìyá ti í mọ igbe ọmọ rẹ̀, wọ́n sì mọ gbogbo kòtò tí ó wà láti Ìlọrin dé Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá mọ̀ nìkan ni ọmọ lè kọ́. Bí ó bá jẹ́ àṣà ọ̀gá láti máa yọ sí ẹ̀gbẹ́ kọjá tírélà lórí òkè, níbi tí kò ti rí iwájú, tí ó sì ti ń ṣe é fún ogún ọdún láìkú, ọmọ yóò gbà pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Àìkú ọ̀gá ni ẹ̀rí tí ó rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọgbọ́n ni ó ń gba ọ̀gá náà là, bí kò ṣe àwọn tí ń bọ̀ lódìkejì tí wọ́n ń yà wọ igbó fún un.

Ní òde òní ẹ̀wẹ̀, sùúrù ọdún mẹ́rin yẹn gan-an ti tán. Ọmọ yóò gun ọ̀kadà fún oṣù mẹ́ta, yóò gba màrúwá, kí ọdún sì tó yí po, ó ti ń wa bọ́ọ̀sì akérò.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ń kọ́? Mo mọ ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, páálí L wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ń kọ́ni níbẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó mọ ọkọ̀ wà, kì í sì í mutí. Ohun tí ó ń kọ́ni ni jíà kìíní, jíà kejì, bí a ti ń fi ẹ̀yìn rìn, àti bí a ti ń yí po ní pápá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò mi obìnrin lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó parí, mo bi í léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa àyè tí ó yẹ kí ó wà láàárín ọkọ̀ méjì. Ó ní ọ̀gá ní kí òun máa ṣọ́ra. Ṣọ́ra! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ra, tí a kò sọ ohun tí yóò máa ṣọ́ fún un, ó dà bí ẹni tí a ní kí ó se ọbẹ̀ tí a kò fún ní ata. Síbẹ̀ n kò dá ẹ̀gbọ́n náà lẹ́bi. Ta ni ó kọ́ òun?

Mímọ ọkọ̀ wà yàtọ̀ sí mímọ bí a ti ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Gbogbo wa ni a ń sọ Yorùbá nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ni ó lè kọ́ni ní àròkọ. Olùkọ́ ìwakọ̀ tí ó gba ẹ̀kọ́ yóò mọ bí a ti ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí bí ọkọ̀ ti ń lọ: “Ìyá kan wà lápá ọ̀tún, ó ru igbá, kò wo ibí, mo ń dín eré kù. Bọ́ọ̀sì kan dúró lápá òsì, ẹnì kan lè yọ níwájú rẹ̀. Mo ń fi àyè sílẹ̀.” Nípa báyìí ni olùkọ́ fi ń rí inú orí ọmọ. Ìyá tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá dárúkọ, kò rí i nìyẹn, kò sì sí ìdánwò tí ó dára ju èyí lọ. Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé igbe mọ́ni kì í jẹ́ kí ojú ríran. Bírékì tirẹ̀ yóò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Yóò sì lè sọ fún ẹni tí ó ti san gbogbo owó rẹ̀ pé, “Ìwọ kò tíì tó, padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.” Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù, nítorí ẹni tí a bá dá padà lè gba ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ, kí owó sì bá a lọ.

Ọ̀ràn ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Báwo ni ọmọ ọgbọ̀n ọdún yóò ṣe dúró níwájú baba ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹni tí ó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i, kí ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ lọ́kọ̀? Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, àwọn bàbá yóò dìde, wọn yóò lọ jẹun. Ẹni tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà yóò kúnlẹ̀ kí wọn tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ sọ fún wa nípa ọjọ́ tí ẹ̀rù bà yín jù lójú ọ̀nà.” Kò sí àgbà awakọ̀ tí kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Láti inú ìtàn náà ni yóò ti fa ẹ̀kọ́ yọ: ibo ni ojú yín wà nígbà náà? Àáyá mélòó ni ó wà láàárín yín? Kí ni ẹ ìbá ti rí ṣáájú? Àwọn bàbá yóò kọ́ ara wọn, olùkọ́ yóò kàn máa tọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ́nà ni. Ọgbọ́n ìkọ́ni ni à ń pe èyí, kì í sì í wá fúnra rẹ̀.

Àwọn kan tí ó mọ̀wé yóò ta kò mí. Wọn yóò ní ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí Cochrane kó àbájáde ìwádìí púpọ̀ jọ lórí ẹ̀kọ́ tí a ń fún àwọn tí ó ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń dín ìjàǹbá kù. Wọn yóò ní ní Norway, láti ọdún 1979, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí àwọn awakọ̀ tuntun kọ́ bí a ti ń wakọ̀ lórí ọ̀nà tí yìnyín mú kí ó máa yọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjàǹbá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba ẹ̀kọ́ náà ń pọ̀ sí i ni. Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ náà mú kí wọ́n rò pé àwọn ti mọ bí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ yíyọ̀. Ẹ̀rù yìnyín kò bà wọ́n mọ́, wọ́n wá ń sáré sí i.

N kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, nítorí tèmi ni ó gbè. Àwọn olùkọ́ Norway kọ́ ọwọ́ ọmọ, wọn kò kọ́ ojú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń jáde nínú ewu, wọn kò kọ́ ọ bí a kò ṣe ní débẹ̀. Ẹ wá wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni wọ́n ti ń fi àwòrán tí ń rìn dán àwọn tí ó fẹ́ di awakọ̀ wò, kí wọ́n fi hàn bí wọ́n ti tètè ń rí ewu tí ń bọ̀, ìwádìí sì fi hàn pé irú ìjàǹbá kan dín kù láàárín àwọn tí ó yege nínú rẹ̀. Ohun tí a ń kọ́ni àti ẹni tí ń kọ́ni ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí a bá fi lé aláìmọ̀kan lọ́wọ́ lè sọ awakọ̀ di agbéraga, agbéraga awakọ̀ sì burú ju òpè lọ. N kò sì sọ pé ẹ̀kọ́ lè dúró ní ipò òfin. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń fi dandan lé ẹ̀rọ tí ń dín eré kù nínú ọkọ̀ akérò, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà kò kúkú ní ojú. Kò lè rí ìyá tí ó ru igbá.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀nà ni kí ìjọba tún ṣe. Kí wọ́n tún un ṣe, ìdúpẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó bá dán ń jẹ́ kí eré pọ̀ sí i, a sì ti ṣírò ohun tí eré ń ṣe. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ní ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà, tàbí kí wọ́n ní Ògún ni ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀. N kò bá onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí jà, èmi náà ń gbàdúrà kí n tó wọkọ̀. Àmọ́, Ògún kò mọ nǹkan kan nípa táyà tí ó ti jẹ, ẹni tí ó sì gbàdúrà tán, tí ó wá fi mítà mẹ́ta tẹ̀lé tírélà nínú eré ọgọ́rin kìlómítà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó kọ̀ tí kò ṣe. Àwọn tí ó ń sọ pé orí awakọ̀ wa le, pé wọn kò lè kọ́ ohun tuntun, ni n kò ní sùúrù fún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àgbà awakọ̀ tí ó ti fi ogún ọdún wakọ̀ lápá òsì yí ọwọ́ padà, ẹni tí kò kàwé rí yí ọwọ́ padà. Ta ni kò wá lè kọ́ ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta?

Ọ̀ràn owó kù. N kò rò pé ó tó bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń wọlé lójoojúmọ́ ní gárájì Àjàṣẹ́, ti Òmù-Àrán àti ti Ìlọrin, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti rán àgbà awakọ̀ méjì méjì láti gárájì kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Èmi yóò fẹ́ kí wọ́n mú àwọn tí ó ti wakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe, tí ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu wọn, kí wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Èkíní mọ ọ̀nà, èkejì mọ bí a ti ń kọ́ni. Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi ṣe é, kí àkókò rẹ̀ sì bọ́ sí àárọ̀, nígbà tí àwọn awakọ̀ ń dúró de èrò tí ọwọ́ wọn sì dilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kí Àjọ padà wá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láti wo bí wọ́n ti ń kọ́ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ṣe dáadáa.

Àwa òbí náà ní ipá. Lọ́dọọdún ni àwọn iléèwé ń háyà bọ́ọ̀sì láti kó ọmọ lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́, ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1945. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n ń gba Àjàṣẹ́ kọjá, tí àwọn ọmọ ń kọrin, tí wọ́n ń yọ orí lójú fèrèsé. A máa ń béèrè iye owó, a máa ń béèrè bóyá wọn yóò jẹun, a máa ń béèrè aago tí wọn yóò dé. Nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ó bá ṣáájú ìrìn àjò tí ń bọ̀, kí ẹnì kan dìde, kí ó béèrè orúkọ awakọ̀, ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́, àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí ọ̀gá iléèwé kò bá rí èsì fọ̀, kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i kí a fi wá awakọ̀ mìíràn. Àwọn ère Èsìẹ́ ti dúró láti ayébáyé, wọn yóò dúró dè wá fún ọ̀sẹ̀ kan.